Wọ́n ní Òpè ni Dókítà Ẹran

Lábẹ́ igi fúrútù tó wà níwájú ilé Bàbá Mùnírù ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀, kò sí àgbà, kò sì sí ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò níbẹ̀ ti gbà pé bí wọ́n bá pa òun, wọn yóò bú òun, òun yóò sì rẹ́rìn-ín. Bí ayò ṣe rí nìyẹn látọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni wọ́n ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí wọ́n bá ń pa lápatúnpa ni òpè, àwọn tó dúró wòran kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Wọn a pariwo rẹ̀ dé òpin àdúgbò.

Nínú gbogbo òpè tó ń jókòó níbẹ̀, ti Dókítà Àjíbíkẹ́ ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ má rò pé orúkọ àwàdà ni dókítà tí wọ́n ń pè é o. Dókítà ẹran ni, ògbóǹtarìgì sì ni. Ilé ìwòsàn rẹ̀ kọjú sí igi fúrútù yẹn gan-an, títì ló pín wọn níyà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń tọ́jú ajá, ewúrẹ́, àgùntàn àti ológbò àwọn ará ibẹ̀, láti Jakande Estate títí dé Èjìgbò. Òun fúnra rẹ̀ ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Awò ti wà lójú, orúnkún ti ń sọ̀rọ̀ kó tó dìde, àwọn ọmọ méjèèjì sì ti lọ sí yunifásítì. Ìgbà tí èèyàn rò pé ara yóò wá rọ òun díẹ̀ ni iṣẹ́ tún wá ga bí òkè.

Ohun tó gbé e dé ìdí ayò kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ajá kan ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, kò gbà. Àwọn ọmọ tó ni ajá náà sunkún títí, ìyá wọn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ yẹn ló dùn ún jù. Nígbà tí wọ́n lọ tán, kò lè dúró sínú ilé ìwòsàn, kò sì fẹ́ lọ sílé. Ó kàn ré títì kọjá, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi. Bàbá Mùnírù, kápẹ́ńtà tó ti fẹ̀yìn tì, wo ojú rẹ̀, kò bi í ní nǹkan kan. Ó ti ọpọ́n ayò síwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ta.”

Bàbá tó bí Àjíbíkẹ́ ti kọ́ ọ láyò rí ní Ìsẹ́yìn nígbà tó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì ni kò ti fọwọ́ kan ọmọ ayò mọ́. Ó ta á lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń tòògbé. Bàbá Mùnírù pa á lápatúnpa. Ni àwọn tó ń wòran bá figbe ta: “Òpè! Òpè ni dókítà! Òpè pọ́ńbélé!” Àjíbíkẹ́ kọ́kọ́ lanu sílẹ̀, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí òun alára kò mọ ibi tó ti wá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé díẹ̀ nínú omi yẹn jẹ́ ti ajá tó kú, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tó ti ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, abẹ́ igi ló ń gbà lọ, bó bá sì ṣeé ṣe, á tún yà níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Kì í sì í ṣe ayò nìkan o. Obìnrin tó ti gbàgbé ṣeré fún ọdún gbọọrọ, nígbà tó rántí, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ ṣe pọ̀. Ó gbin òdòdó sínú táyà àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n gbé wá fún ìtọ́jú a sì kọ́kọ́ fi òdòdó ṣe ìpápánu kí wọ́n tó wọlé. Ó ra gítà, ọkọ rẹ̀ fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Gítà padà sínú àpótí, òdòdó ń kú, ó ń yè, ṣùgbọ́n ayò dúró gbọn-in.

Ọlátúbọ̀sún, ọkọ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní ilé ìwé gírámà, mọ rírì ayò náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí ayò tó dé, gbogbo ẹran tó ń ṣàìsàn ní Ìsọlọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé sórí wọlé. Bí ó bá bá a sọ̀rọ̀, ìjà. Bí ó bá dákẹ́, ìjà. Nígbà tí ayò dé, ó di ẹni tó ń kọrin nídìí ààrò. Ọlátúbọ̀sún a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá lówó, òun á máa ra omi tútù fún gbogbo ẹni tó ń pa ìyàwó òun láyò.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí Wàsílátù tó dé.

Kí ẹ má tètè bínú sí Wàsílátù. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Àwo àti ife ló ń tà ní Èjìgbò, Ìyá Abdulwasiu ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló ní, ìyá rẹ̀ ló sì fi í sílẹ̀ fún un kó tó kú, nítorí náà kò fi ewúrẹ́ yìí ṣeré rárá. Nígbà tí ewúrẹ́ náà ń wúkọ́, wọ́n júwe dókítà ẹran tó wà ní Ire-Akari fún un. Ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ire-Akari, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni.

Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ báyìí ni ariwo sọ láti òdìkejì títì. “Òpè! Ẹ bá mi wo dókítà ẹran! Kò mọ nǹkan kan! Òpè ni!” Wàsílátù yíjú síbẹ̀. Ó rí àwọn ọkùnrin tó pagbo yí obìnrin kan ká, obìnrin náà ṣì wọ aṣọ funfun dókítà, wọ́n ń nàka sí i, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin náà ti bo ọpọ́n. Wàsílátù ò rí ayò. Dókítà tí gbogbo àdúgbò ń bú pé kò mọ iṣẹ́ ló rí, tí ojú kò sì tì í.

Ta ni kò ní ṣe ohun tó ṣe? Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ yí padà. Ẹlòmíràn ló bá a wo ikọ́ náà níbòmíràn, ikọ́ sì lọ. Ká ní ó parí síbẹ̀, kì bá tí burú. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, àwọn baba wa sì ti sọ ohun tó ń ṣe é bó bá balẹ̀. Wàsílátù sọ fún ìyá tí wọ́n jọ ń pàtẹ, ó ní kí ẹ̀gàn má bá òun, òun fi etí òun gbọ́ ọ. Ìyá yẹn sọ fún ẹni tó ń sin adìyẹ. Ẹni tó ń sin adìyẹ, ẹ ti mọ̀ pé òun náà ò gbé e mì.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní ilé ìwòsàn. Àjíbíkẹ́ kọ́kọ́ rò pé ọ̀wọ́ngógó ni. Lateefah, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó sì ń gbé ní Èjìgbò, ló wá jókòó tì í lọ́jọ́ kan.

“Dókítà, ẹ má bínú o. Mo ti ń rò ó pé kí n sọ, kí n má sọ. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní òpè ni yín.”

Àjíbíkẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Bàbá Mùnírù ti kéde rẹ̀ tán.”

“Dókítà, wọn ò mẹ́nu ba ayò o. Iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ẹ ò mọ iṣẹ́, pé àwọn ará àdúgbò yín gan-an ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú yín, tí ẹ ò sì lè fèsì.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Èèyàn lè bú u pé ó burẹ́wà, pé ó ti darúgbó, kò ní wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí, ìdí rẹ̀ ló ti lo gbogbo ìgbà èwe rẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun.

Ó ré títì kọjá lọ sọ fún Bàbá Mùnírù pé òun ò ní lè máa wá mọ́. Ojú ti Bàbá náà. Ó ní, “Ṣé ẹnu wa ló wá ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ báyìí? Ó dáa, a ó tún un ṣe. Láti òní lọ, bí a bá tiẹ̀ pa yín, ọ̀ta la ó máa pè yín.”

Wọ́n dán an wò lóòótọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Mùnírù pa á, gbogbo àwọn òǹwòran sì rọra ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀ta wa.” Bí ọmọ iléèwé tí wọ́n kọ́ ní ìkíni ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹnìkan wúkọ́. Àjíbíkẹ́ wo ọpọ́n, ọpọ́n náà dàbí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ sí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó dìde, kò padà wá mọ́.

Ọlátúbọ̀sún bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, tún èrò yìí pa. Ṣé o fẹ́ kí ilé yìí padà sí bó ṣe wà ni?” Kò gbọ́. Ó ní òun ti dàgbà kọjá eré, pé àwọn tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì ti ní ilé ìwòsàn méjì mẹ́ta, òun wà níbi tí òun ti ń ka ọmọ ayò. Iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Ó ń wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè pàápàá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹran tí yóò tọ́jú. Á gbá ilẹ̀ tó mọ́, á to ìgò òògùn tó ti wà lórí ìlà. Lọ́jọ́ kan ó jágbe mọ́ Lateefah lórí òwú tí kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì lọ sí ẹ̀yìn lọ sunkún, torí ó mọ̀ pé ẹni tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ayò tó dé, ló ń padà bọ̀ yẹn, kò sì fẹ́ràn ẹni náà.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan báyìí, òjò ti rọ̀ láti àárọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró níwájú ilé ìwòsàn lọ́sàn-án, obìnrin kan sì já bọ́ láti inú rẹ̀, ewúrẹ́ wà láyà rẹ̀, omi ń ro lára àwọn méjèèjì. Wàsílátù ni. Ewúrẹ́ rẹ̀ ti ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ kò wá. Gbogbo ibi tó sáré dé ló bá ní títì. Kò tún sí ibòmíràn tó kù àyàfi ibi tó ti ní òun kò ní dé láéláé. Bàbá Mùnírù rí i láti òdìkejì, ó sì bọ́ sínú òjò wá bá a gbé e.

Wàsílátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Àjíbíkẹ́, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan tún ń bọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà? Ṣé kò sí ọ̀gá yín nílé ni?”

Ó yé Àjíbíkẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé e mì. “Èmi nìkan ni, ìyá. Ẹ gbé e wá sórí tábìlì. Bàbá, ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú.”

Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi omi ọṣẹ pa á, ó sì rọra ti ọwọ́ bọ inú ewúrẹ́ náà. Ewúrẹ́ ké. Wàsílátù pa ojú dé, ó ń ka “Lá iláha illa Lláhù” lábẹ́lẹ̀. Ọwọ́ Àjíbíkẹ́ kan orí ọmọ kan, ó kan ẹsẹ̀ méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, yóò sì fà á, ó sì lè fi bẹ́ẹ̀ pa ìyá pa ọmọ. Àjíbíkẹ́ ò fà á. Ó tọ ẹsẹ̀ kìíní lọ pẹ̀lú ìka títí dé èjìká, ó dé ọrùn, ó dé orí, àwọn yẹn bára mu. Ó tọ èkejì. Èyí kò dé orí yẹn. Ọmọ mìíràn ló ni ín. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ jáde pọ̀, wọ́n wá há mọ́ ẹnu ọ̀nà bí èèyàn méjì tó ń du ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì.

Ó rọra ti ẹsẹ̀ àlejò yẹn padà sẹ́yìn, ó ní sùúrù títí ìrora kan fi kọjá, ó wá ẹsẹ̀ kejì tó jẹ́ ti ọmọ iwájú rí, ó sì fà á nígbà tí ìyá ń ti ọmọ síta. Ọmọ kìíní jáde, ó sín, ó ké. Èkejì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n èyí rọ jọwọrọ, kò mí. Àjíbíkẹ́ fi ìka nu ẹnu rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ ra á lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, ó ń ra á, ó ń ra á, òógùn ń kán sílẹ̀ láti iwájú orí rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà fà sókè lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́, ó sì fi ohùn tín-ín-rín bú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

“Ẹ kú ewu ọmọ o!” ni Bàbá Mùnírù sọ fún Wàsílátù, bí ẹni pé obìnrin náà gan-an ló bí wọn.

Wàsílátù wólẹ̀ lórí símẹ́ńtì. “Dókítà, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà tó kó ni lẹ́rù lọ ni, èmi tiẹ̀ ti kó ẹrù yín lọ kí ẹ tó ṣe mí lóore. Èmi ni mo bà yín lórúkọ jẹ́ ní Èjìgbò. Mo gbọ́ ọ ni, mi ò purọ́ mọ́ yín. Mo wá síbí lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń sọ lábẹ́ igi yẹn pé òpè ni yín, pé ẹ ò mọ nǹkan kan.”

Bàbá Mùnírù gbá orí mú. “Yéè! Ayò ni, ìyá! Ayò là ń ta!”

Wàsílátù gbójú sókè. Ó wo Bàbá, ó wo dókítà. Ọ̀rọ̀ náà rọra wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. “Ayò? Ha! Bàbá tèmi náà ta ayò l'Ọ́yọ̀ọ́ títí tó fi kú. Òpè ni wọ́n ń pè é lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ olóyè ni! Báwo ni mi ò ṣe rò ó dé ibẹ̀?” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. “Màá tún un ṣe. Tó bá di ọ̀la, ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni màá máa wọ̀. Màá sọ fún gbogbo wọn pé irọ́ ni, pé dókítà kì í ṣe òpè.”

“Ẹ sọ pé mo mọ iṣẹ́ mi,” ni Àjíbíkẹ́ wí. “Ẹ má sọ pé irọ́ ni ìyókù.”

Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. “Ìyá, ẹ wo àwọn ọmọ yìí. Tí mo bá ṣe àṣìṣe níbí, ẹ̀mí ló lọ. Bí mo ṣe ń jí nìyẹn, bí mo ṣe ń sùn nìyẹn, láti ogún ọdún ó lé. Abẹ́ igi yẹn nìkan ni mo ti lè ṣe àṣìṣe, kí wọ́n bú mi, kí n rẹ́rìn-ín, kí nǹkan kan má sì kú. Òpè ni mí níbẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ọlọ́run ló ṣe mí lóore pé mo ní ibì kan tí mo ti lè jẹ́ òpè. Èmi ni mo ya aláìmoore tí mo kúrò níbẹ̀.”

Kò mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn òun nìyẹn, àfìgbà tó sọ ọ́ tán. Bàbá Mùnírù wojú ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu imú. Ìyá ewúrẹ́ ti ń lá ọmọ rẹ̀ kìíní, èkejì ń wá ọmú níbi tí ọmú kò sí.

Aṣọ Wàsílátù ṣì tutù mọ́ ọn lára. Ó na ọwọ́, ó darí ọmọ kejì sí ọmú ìyá rẹ̀, kò sì gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Dókítà, èmi ò ní irú ibẹ̀ yẹn.”

Àjíbíkẹ́ wò ó. Ó rí obìnrin tó ń jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò sí àwo kan lórí àtẹ rẹ̀ tó gbọdọ̀ fọ́. Ó bọ́ aṣọ funfun, ó gbé e kọ́, ó sì na ọwọ́ sí i láti fà á dìde.

“Ẹ jẹ́ ká lọ,” ló wí. “Òjò ti dá, ìyá ọmọ sì ní láti sinmi kí ẹ tó gbé e sínú kẹ̀kẹ́.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ré títì kọjá, wọ́n jókòó ti ọpọ́n ayò lábẹ́ igi. Ewúrẹ́ sinmi tán, ó tún sinmi sí i, oòrùn yọ díẹ̀, ó sì wọ̀, kò sẹ́ni tó rántí dìde.